Ibi Tí Abọ́ Bá Wà

Mo rántí ìró abọ́ ìyá mi kí n tó rántí ojú rẹ̀. Abọ́ tánganran ló ń tà ní ọjà Bouaké, àwọn abọ́ funfun onídèérí tí wọ́n ya òdòdó pupa sí lára, kò sì sí èyí tó lè tà fún ènìyàn láì kọ́kọ́ fi èékánná ta á létí. Á ta á, kíín, á gbé e sún mọ́ etí oníbàárà kí ó gbọ́ pé kò là, kò fọ́, á wá fi èdè Júlà sọ fún un pé abọ́ tó bá dákẹ́ ni kí ènìyàn bẹ̀rù. Abọ́ yìí ló fi tọ́ mi lẹ́yìn tí bàbá mi kú. Òun ló fi rán mi lọ sílé ìwé, òun náà ló fi ra ọjà àkọ́kọ́ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ̀yà ara alùpùpù. Nígbà tí mo wá sọ fún un pé mo fẹ́ gbéyàwó, kò bi mí ní ìbéèrè kankan nípa ọmọ náà. Ohun tó bi mí ni pé tábìlì mélòó ni yóò wà níbẹ̀.

Ọmọ Ànàgó, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá ní Bouaké, ni àfẹ́sọ́nà mi bíi tèmi. Àdúgbò Sokoura ni wọ́n bí i sí, Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá bí àwọn tèmi, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la sì ń lọ. Ṣùgbọ́n ilé ìta-oògùn kan ní àdúgbò Kennedy ló ti ń ṣiṣẹ́, láàárín àwọn obìnrin tó ń sọ Faransé láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ti ṣègbéyàwó lọ́dún tó ṣáájú. Àfẹ́sọ́nà mi lọ síbẹ̀, ó rí i pé wọ́n gbé fáàsì onígíláàsì gíga kan sórí tábìlì kọ̀ọ̀kan, òdòdó funfun nínú rẹ̀, omi nísàlẹ̀, àbẹ́là kéékèèké lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni kò ti sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Bí mo bá bá a sọ̀rọ̀ ìrẹsì, fáàsì ni yóò fi dá mi lóhùn. Bí mo bá dárúkọ pásítọ̀, á ní àwọ̀ wo ni aṣọ tábìlì yóò jẹ́. Mo fi í rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kan, ó sì wò mí, ó ní, "O ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa wa níbi iṣẹ́. Wọ́n ní Ànàgó lówó, àmọ́ ahun ni wọ́n. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ sáàlì tá a máa ti ṣàríyá kó ní tábìlì Ànàgó nìyí." Omi lé ròrò sójú rẹ̀. N kò rẹ́rìn-ín mọ́.

A lọ bá ọlọ́ṣọ̀ọ́, obìnrin ẹ̀yà Baoulé kan tó ń ṣe tábìlì lọ́ṣọ̀ọ́ fún gbogbo ẹni tó ń ṣe ìnáwó ní Kennedy. Ó fi àwòrán hàn wá nínú fóònù rẹ̀. Tábìlì lásán wà, tábìlì àárín wà, tábìlì ẹni ńlá náà wà. Nígbà tó dárúkọ iye tábìlì ẹni ńlá, mo ní kó tún un pè, kì í ṣe pé n kò gbọ́. Iye tábìlì àárín jẹ́ iye fìríìjì kan gẹ́lẹ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé owó fìríìjì tí a fẹ́ rà sílé wa ló wà lápò mi. Ó tún fara balẹ̀ ṣàlàyé fún wa pé yíyá ni àwọn fáàsì náà, òun kì í tà wọ́n. A óò fi owó ìdógò sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní kósíọ̀n, òun yóò sì dá a padà fún wa bí gbogbo ẹrù bá pé. Ó yé wa dáadáa. Èmi àti àfẹ́sọ́nà mi nìkan ló yé nínú gbogbo àwọn tó wá jẹun níbi ìgbéyàwó náà, kò sì wá sí ọkàn ẹnikẹ́ni nínú wa pé ó yẹ ká sọ fún àwọn yòókù.

Ìyá mi ní ètò tirẹ̀. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé nílẹ̀ wa, ẹni tó bá pe èrò kì í jẹ́ kí wọ́n lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹ̀bùn gbọ́dọ̀ wà lórí tábìlì tí àlejò yóò gbé lọ sílé. Ó wá gbé ọ̀kan nínú abọ́ rẹ̀ wá, ó gbé e kalẹ̀ láàárín èmi àti àfẹ́sọ́nà mi. Ó ní òun yóò fún wa ní abọ́ tó máa kárí gbogbo àlejò, lọ́fẹ̀ẹ́. "Á ṣe tábìlì lọ́ṣọ̀ọ́, wọ́n á sì gbé e lọ sílé. Kí la tún fẹ́ máa yá ìgò olómi sí?" Àfẹ́sọ́nà mi kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ títí. Ó wá rọra sọ pé, "Àmọ́, Màmá, abọ́, ilé ìdáná ló máa ń wà." Ìyá mi dé abọ́ náà. Ó ní, "Òótọ́ lo sọ, ìyàwó mi." Ó wá kọjú sí mi. "Ibi tí abọ́ bá wà lọ́jọ́ náà, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé àga mi sí."

Ẹ̀rù bà mí. Bí ìyá mi bá bínú, á pariwo, gbogbo àdúgbò á gbọ́, ó sì ti tán kí oúnjẹ alẹ́ tó jinná. Ohun tó bá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ni yóò ṣe. Òun nìkan ló kù tí yóò jókòó lórí àga òbí fún mi, ó sì ti fẹ́ lọ jókòó ti ìkòkò ọbẹ̀. Ọ̀dọ̀ ta ni ọmọ tó gbé ìyá rẹ̀ sí ìdáná lọ́jọ́ ìgbéyàwó yóò ti rójú?

Mo wọ mọ́tò lọ sí ìlú Languibonou lọ bá ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó ti ń ṣòwò níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Mo rò fún un láti orí fáàsì dé orí abọ́. Ó jẹ iṣu rẹ̀ tán, ó mu omi, ó ní, "Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké." Mo dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́. Kí mọ́tò wa tó kúrò ní gáréèjì, mo ti gbà pé ohun tó ń sọ ni pé kí n náwó sí fáàsì. Ká tó dé Bouaké, mo ti gbà pé ìyá mi ni oyin. Bí àáké ṣe kan tábìlì kò yé mi títí di òní.

Mo wá dá ẹjọ́ náà fúnra mi. Mo ní ká yá tábìlì àárín fún ìyàwó, kí abọ́ ìyá mi wà nínú páálí ní ilé ìdáná sáàlì náà, ká wá pín in lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí àlejò bá ń lọ. Mo rò pé mo gbọ́n. Àfẹ́sọ́nà mi fò mọ́ mi. Ìyá mi ní, "Ó dáa," pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ yẹn.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ó wọ léèsì rẹ̀, ó wé gèlè rẹ̀, ó gba ilé ìdáná lọ, ó jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn páálí. Mo lọ bẹ̀ ẹ́. Àwọn díákónì lọ bẹ̀ ẹ́. Ìyàwó mi fúnra rẹ̀ lọ kúnlẹ̀ sí i pẹ̀lú aṣọ funfun. Ìyá mi tún ìbòjú rẹ̀ ṣe, ó súre fún un, ó ní kó tètè padà kí epo má baà ta sí i láṣọ. A padà sí sáàlì. Àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ṣófo, gbogbo ẹni tó bá wá kí wa ló kọ́kọ́ ń kí àga náà. Àwọn obìnrin ilé oògùn ń ya fọ́tò fáàsì.

A jẹun tán. Àsìkò tí ẹ̀bùn máa ń jáde tó, kò sí ohun tó jáde. Ìyá ìjọ wa, tí ẹnikẹ́ni kì í já ní koro, wo iwájú rẹ̀, fáàsì ló rí. Mo gbọ́ tó ní, "Wọ́n mà náwó o!" Ó yọ òdòdó kúrò nínú rẹ̀, ó da omi rẹ̀ sínú àwo tí wọ́n ti jẹun tán, ó fi etí aṣọ tábìlì nù ún gbẹ, ó fi ìborùn wé e, ó gbé e sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè, ó gbàdúrà fún wa, ó ní ilé wa kò ní gbẹ. Ohun tí ìyá ìjọ bá ṣe, ẹ̀kọ́ ni fún gbogbo ìjọ. Ní tábìlì kọ̀ọ̀kan, ẹni tó dàgbà jù gbé fáàsì, ẹni tó tẹ̀ lé e mú àbẹ́là, àdúrà sì ń rọ̀ lé wa lórí láti igun gbogbo.

Ọlọ́ṣọ̀ọ́ wọlé, ó ká ọwọ́ lérí. "Fáàsì mi!" Ó kígbe náà ní Faransé, kò sì sí ẹni tó rò pé òun ló ń bá wí. Ta ni yóò sọ fún ìyá ìjọ pé kó tú ẹrù rẹ̀? Àgbàlagbà ti gba ẹ̀bùn, ó ti gbàdúrà lé e. Ẹnu wo la ó fi gbà á padà? Mo wo ìyàwó mi. Òdòdó sùn gbalaja lórí gbogbo tábìlì, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Kennedy gbé fóònù sókè, ẹkún ti ń bọ̀. Ojú tì mí fún un débi pé n kò mọ ibi tí màá kó ọwọ́ mi sí.

Ìgbà náà ni ìyá mi jáde láti ilé ìdáná, abọ́ ní òkìtì lápá rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá ìjọ ló kọ́kọ́ lọ. Ó kúnlẹ̀, ó ta abọ́ kan létí, kíín, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. "Màmá, ẹ̀bùn yín rèé. Èyí tó wà lẹ́sẹ̀ yín yẹn, àlejò bíi tiwa lòun náà, ó ti fẹ́ máa lọ sílé." Ìyá ìjọ ṣí abọ́ náà, ó rí orúkọ tí wọ́n kọ sínú rẹ̀. Orúkọ ìyàwó mi ló ṣáájú, tèmi wà nísàlẹ̀. Ìyá mi ti ní kí wọ́n kọ ọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ilé ìdáná. Ìyá ìjọ bú sẹ́rìn-ín, ó tú ìborùn rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ láti tábìlì dé tábìlì, ó ń fún wọn ní abọ́, ó ń gba fáàsì. Ìyàwó mi dìde, ó ká aṣọ funfun rẹ̀ sókè, ó ń kó abọ́ tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Kò pẹ́ tí abọ́ fi wà níwájú gbogbo ènìyàn, tí òdòdó pupa fi kún sáàlì náà. Àwọn obìnrin Kennedy ní kí wọ́n ta á kí àwọn gbọ́, ọ̀kan nínú wọn sì tọrọ méjì. Nígbà tí mo máa wo ẹ̀gbẹ́ mi, ìyá mi ti jókòó sórí àga rẹ̀. Mo ń wò ó. Ó ní, "Kí lò ń wò? Ṣé ibi tí abọ́ wà kọ́ nìyí?"

Nígbà tí ọlọ́ṣọ̀ọ́ ka ẹrù rẹ̀, fáàsì kan kò sí níbẹ̀. A wá a títí, a kò rí i, ó yọ owó rẹ̀ nínú kósíọ̀n. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń kí ìyá ìjọ pẹ̀lú ìfura, tí mo sì máa ń wo orí kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ bí a bá lọ kí i nílé. Omi tí kò rí fìríìjì la mu ní gbogbo ọdún àkọ́kọ́ wa.

Ìyá mi kú lọ́dún tó kọjá. Ìyàwó mi ló ṣí àpótí aṣọ rẹ̀. Lábẹ́ gbogbo aṣọ náà, nínú ìborùn léèsì ọjọ́ yẹn, fáàsì kan wà níbẹ̀, a ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Ìyàwó mi jókòó sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá yìí! Màmá yìí!" títí ẹ̀rín náà fi di ẹkún. Èmi náà sunkún. Òun ló fún gbogbo àlejò ní abọ́, síbẹ̀ òun náà kò fẹ́ lọ lọ́wọ́ òfo níbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀.

Fáàsì náà wà lórí tábìlì wa báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ kan tó ní orúkọ wa nínú. Lọ́jọ́ kan tí ìyàwó mi ń nù ún, ó fi èékánná ta á létí, ó gbé e sún mọ́ etí mi. Ó dún dáadáa. Ó bi mí bóyá kò yẹ ká dá a padà fún ọlọ́ṣọ̀ọ́. Mo ní kó gbé e síbi tó wà, mo ti sanwó rẹ̀ tipẹ́.