Owú Tí Ọláìtán Jẹ Lórí Ẹ̀rọ Pínbọ́ọ̀lù

Bàbá Ọláìtán fi ọgbọ̀n ọdún ṣe fítà, ẹni tó ń to ẹ̀rọ, nínú wọkísọ́ọ̀bù rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni ọmọ ti kọ́ bí irin ṣe ń gbọ́ràn síni lẹ́nu. Nígbà tí Ọláìtán fi máa di ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta, kò sí ẹ̀rọ géèmù tó bàjẹ́ láti Yábàá dé Sùúrùlérè tí wọn kì í gbé wá bá a. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó fẹ́ràn kí wọ́n máa yin òun, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀.

Lọ́dún yẹn, Sylvester tó ni ilé géèmù kan ní Sùúrùlérè ní kó ṣe ohun tí ojú ò tíì rí rí fún òun. Pínbọ́ọ̀lù ni Ọláìtán mú: àpótí gígùn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, gíláàsì lójú, tí bọ́ọ̀lù irin kan ń sáré kiri nínú rẹ̀. Ó ní ìrìn àjò ọkọ̀ ojú irin lòun máa fi ṣe. Bí ènìyàn bá fa ọ̀pá ọwọ́ ọ̀tún tó sì jù ú sílẹ̀, bọ́ọ̀lù á ta lọ sókè. Bó bá ń yí bọ̀, apá méjì kan wà nísàlẹ̀ tí wọ́n fi ń gbá a padà kó má baà kó sínú ihò. Ìdíkọ̀ mẹ́rin ló wà lókè, Agége, Ìkẹjà, Muṣin àti Yábàá. Èyí tí bọ́ọ̀lù bá kàn, iná rẹ̀ á tàn. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá tàn tán, géètì á ṣí, bọ́ọ̀lù mẹ́ta á sì tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá fi ìkanra mi àpótí náà, gbogbo rẹ̀ á kú pii.

Oṣù márùn-ún ló fi ṣe é. Ọjà Ládìpọ̀, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, ló ti ń ṣa kọ́ìlì sítátà tó fi ń ta apá méjì yẹn. Lákọ̀ọ́kọ́ ó le jù, ó fọ́ gíláàsì méjì. Nígbà tó dẹ̀ ẹ́, bọ́ọ̀lù ò lágbára láti dé Ìkẹjà. Ó tún ń fi pátákó há ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ó ń yọ ọ́, títí ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fi tọ́.

Ummulkhair tó ń kọ pátákó ìpolówó ní Muṣin ló bá a kùn ún. Ọmọbìnrin náà ò tíì ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Ó jókòó ti Ọláìtán fún ọjọ́ méjì, ó ń wò ó bó ṣe ń dán ẹ̀rọ wò, lẹ́yìn náà ó fi ọjọ́ mẹ́sàn-án kun gbogbo rẹ̀: àwọn obìnrin lójú fèrèsé ọkọ̀, oníbúrẹ́dì, aṣọ sísá lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin, àti àwọn ọfà kéékèèké aláwọ̀ ìyeyè tí gílóòbù ń tàn lábẹ́ wọn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, èrò pé bo ẹ̀rọ náà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n ń bi Sylvester.

"Ta ló ya eléyìí?"

Wọ́n fa Ummulkhair síwájú, wọ́n ń bá a ya fọ́tò. Bàbá arúgbó kan gbé ọwọ́ lé gíláàsì, ó ní obìnrin ojú fèrèsé yẹn jọ ìyá òun. Ọláìtán dúró ti ògiri. Kò sẹ́ni tó béèrè ẹni tó ṣe apá tó ń gbá bọ́ọ̀lù.

Àwọn oníròyìn orí ẹ̀rọ ayélujára náà dé. Ummulkhair dárúkọ Ọláìtán fún wọn, ṣùgbọ́n wọ́n gé ibẹ̀ kúrò nínú fídíò. Ọláìtán wo fídíò náà nígbà méje. Ara ń ta á. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá àléébù sí àwòrán náà: fèrèsé ọkọ̀ kì í ṣe aláwọ̀ ewé, ta ló ń ta búrẹ́dì bẹ́ẹ̀. Bọ́lánlé ìyàwó rẹ̀, ìyá Ṣàfíù ọmọ wọn, gbọ́ ọ títí, ó sú u.

"Bàbá Ṣàfíù, ṣé kì í ṣe owú lẹ ń jẹ báyìí?"

 Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọláìtán lọ sí ilé géèmù bí ẹni tó fẹ́ tún ẹ̀rọ ṣe, ó sì já okùn iná gbogbo gílóòbù tó ń tan àwòrán. Ìdíkọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nìkan ló fi sílẹ̀. Ó sọ fún Sylvester pé iná yẹn ń mú ẹ̀rọ gbóná jù. Irọ́ ni. Àwòrán náà ṣú bí ojú ọjọ́ tí òjò fẹ́ rọ̀, inú rẹ̀ sì dùn.

Ọjọ́ mẹ́ta ò pé tí àwọn èèyàn fi ń ráhùn pé àwọn ò ríbi táwọn ń gbá a sí mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá gbá a fún wọn kí wọ́n rí i," Sylvester ní.

Ọláìtán gbá a. Bọ́ọ̀lù kó sínú ihò. Ó tún gbá a, kò rí Yábàá kàn. Lẹ́ẹ̀kẹta ló tó yé e. Àwọn ọfà tó pè ní ọ̀ṣọ́ lásán, láti ẹnu apá gan-an ni wọ́n ti dojú kọ ìdíkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn lojú òun fúnra rẹ̀ ti ń tẹ̀ lé látìgbà tí Ummulkhair ti kùn ún. Ojú tì í níwájú gbogbo wọn.

Ó so okùn iná padà, ó jẹ́wọ́ fún Sylvester, ó sì gba Muṣin lọ. Ummulkhair ò dá búrọ́ọ̀ṣì dúró.

"Mo ti gbọ́ lẹ́nu Sylvester pé ẹ já iná yẹn. Mo mọ̀ pé gílóòbù yẹn ò lè gbóná tó bẹ́ẹ̀."

"O ò ṣe pè mí?"

"Ẹ ju ẹni tí mo lè bá jà lọ, ẹ̀gbọ́n."

"Owú ni," Ọláìtán sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Mo fi oṣù márùn-ún ṣe tèmi, ọjọ́ mẹ́sàn-án lo fi ṣe tìrẹ."

Ìgbà yẹn ni Ummulkhair tó gbójú wò ó. "Ẹ ò ka ọdún mẹ́tàlá tí mo fi kọ́ iṣẹ́ yìí mọ́ ọn. Ká ní ẹ ní kí n kọ orúkọ yín sí i ni, ǹ bá kọ ọ́. Ẹ kàn dákẹ́ bí ẹni tí eyín ń dùn."

Ọláìtán bẹ̀ ẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, Ummulkhair wá kọ orúkọ àwọn méjèèjì sí iwájú àpótí, ìwọ̀n lẹ́tà kan náà. Nígbà tí iṣẹ́ kejì dé láti Yábàá, Ọláìtán pè é láti ọjọ́ tí wọ́n gé pátákó àkọ́kọ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ìyẹn náà, obìnrin kan béèrè ẹni tó ya àwòrán. Ummulkhair ní òun ni, ó tún nawọ́ sí Ọláìtán pé ẹni tó ṣe ẹ̀rọ rèé. Obìnrin náà mi orí sí i, ó sì yíjú padà sí àwòrán. Ó dun Ọláìtán díẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì sún mọ́ obìnrin náà láti fi bí wọ́n ṣe ń ta bọ́ọ̀lù hàn án.