Bí Màámi Ṣe Yọ Mí Kúrò Nínú Ìdúpẹ́

Àwọn obìnrin ìjọ wa ní Kokomlemle yan màámi pé òun ni yóò ka ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ níbi ìkórè. Láti ìgbà tó ti ń ta ọṣẹ ní ọjà Tudu, n kò rí ohun tó dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀. Ó ní kọ̀ǹpútà ọmọ òun ni òun yóò fi kọ ọ́. Mo bá ṣí ètò ìkọ̀wé tí èmi àti àwọn kan jọ ń tún ṣe fún un. Mo ti ń fọ́nnu kiri nígbà náà pé kò sí àṣìṣe nínú rẹ̀ mọ́.

Màámi kì í kọ ìdúpẹ́ bí ẹlòmíràn. Ẹni tó bá bí i nínú láàárọ̀, á yọ ọ́ kúrò. Tí inú rẹ̀ bá rọ̀ nírọ̀lẹ́, á dá a padà. Lọ́jọ́ kan, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń tajà gba oníbàárà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó délé, ó yọ ìlà tó fi dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ náà kúrò, ó sì tọ́jú iṣẹ́ náà pamọ́ kíákíá, nítorí dumsor kì í dágbére kó tó múná lọ. Kò pẹ́ tí ọ̀rẹ́ fi gbé abọ́ waakye gbígbóná wá bẹ̀ ẹ́. Màámi tẹ bọ́tìnnì pé kí ìlà náà padà. Ètò mi kú fin-ín fin-ín.

"Ei, ọmọ yìí," ni màámi wí. "Mo ti jẹ waakye rẹ̀ tán o. Ọ̀túnla sì ni ìkórè."

Mo ní kó tún un kọ. Ó ní ìdúpẹ́ kì í dùn lẹ́ẹ̀kejì. Ó kọ ọ́ ṣá, pẹ̀lú ìkùnsínú, kò sì dùn tó ti àkọ́kọ́ lóòótọ́.

Ojú tì mí. Mo tú ètò náà palẹ̀. Ìlà tí a bá yọ, ó ń fi í pamọ́ síbì kan nínú ìrántí kọ̀ǹpútà. Bí a bá ti tọ́jú iṣẹ́, á dá àyè náà padà kí nǹkan mìíràn lè gbà á. Ṣùgbọ́n kò gbà pé òun ti kó jáde: ó tún padà síbẹ̀ lọ wá ìlà, ó bá ẹrù ẹlẹ́rù, ó ṣubú lulẹ̀. Mo ní irinṣẹ́ tó ń pariwo bí ètò bá tọwọ́ bọ ibi tí kì í ṣe tiẹ̀ mọ́, àmọ́ ọ̀nà tí mo bá gbà dán ètò wò nìkan ló ń ṣọ́, èmi kì í sì í bá èèyàn jà kí n yọ ọ́, kí n tọ́jú iṣẹ́, kí n tún wá dá a padà.

Mo tún un ṣe tán, mo ní kó yọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó sì dá a padà, ká fi wò ó.

"Láéláé. A ti parí ìjà."

"Ẹ yọ èmi, ẹ jàre."

"Yoo, ó dáa. O ò kúkú fọ abọ́ àná."

Ó yá a lára jù, ó sì dùn mí díẹ̀. Ó ní kí n lọ bu omi wá fún òun ná. Nígbà tí mo dé, ó ti yọ mí, ó ti tọ́jú iṣẹ́, ó sì ń tẹ bọ́tìnnì. Ìlà mi padà wá láìyingin: "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ mi, tó ń bá ẹ̀rọ jà kí n má baà bá a jà." Irinṣẹ́ dákẹ́ jẹ́ẹ́. Inú mi dùn débi pé omi dà sí mi lẹ́sẹ̀.

Mo fẹ́ gbé ife sórí páálí ọṣẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni mo rí i: ó ti fi bíírò da ìlà tèmi kọ síbẹ̀, gbogbo rẹ̀ pátá, kó tó yọ mí.