Kòkòrò Ìlóbì, Kòkòrò Ẹ̀gùá

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mo ṣì ń di etí ìró ìyá mi mú rìn, Ìlóbì ni à ń gbé, ọ̀pẹ ló sì yí ilé wa ká. Ẹ̀yin ọmọ òde òní tí ẹ kì í fẹ́ rí kòkòrò sójú, ẹ rọra fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, kòkòrò ni ohun ìṣeré wa. Inú ọ̀pẹ tó ti jẹrà la ti ń mú ọ̀bọ̀ǹbọ̀n, dúdú, oníwo. A óò so òwú mọ́ ọn níwo, yóò sì máa fò yí wa ká, yóò máa kùn.

Nígbà tí bàbá mi kú, wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Ẹ̀gùá. Ìyá mi ní bí òjò bá ti dá, òun ń bọ̀ wá mú mi. Mo gbé ọ̀bọ̀ǹbọ̀n kan dání nínú agolo mílíìkì, kí n lè rí ẹni bá ṣeré.

Pápá àti ìgbẹ́ màlúù ló wà ní Ẹ̀gùá. Yímíyímí ni kòkòrò tiwọn, ẹ̀yìn ló fi ń rìn, tó ń fẹsẹ̀ yí ìgbẹ́ róbótó lọ. Àwọn ọmọ ibẹ̀ a máa dojú bolẹ̀ wo yímíyímí ti ẹni tí yóò kọ́kọ́ yí ìgbẹ́ rẹ̀ débi tí wọ́n fàlà sí. Mo so òwú mọ́ ọ̀kan, kò fò. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí, n kò sì bá wọn ṣeré mọ́.

Mo fún ọ̀bọ̀ǹbọ̀n mi ní ìrèké, síbẹ̀ ó kú. Ẹkún mi pọ̀ débi pé ẹ̀gbọ́n bàbá mi gbé mi lé ẹsẹ̀.

“Ọmọ mi, kò rí ọ̀pẹ níbí ni. Yímíyímí ní tirẹ̀, ohun tó bá bá lọ́nà ló fi ń ṣe ilé. Lọ bá àwọn ọmọ yẹn wò ó.”

Mo lọ. Òjò dá, ó tún rọ̀, ó tún dá. Nígbà tí ìyá mi dé, pápá ló ti bá mi, mo dojú bolẹ̀, mo ń wo yímíyímí mi. Mo ní n kò lọ mọ́. Ó sunkún, ó sì dá nìkan padà.

Wọ́n ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Èmi pẹ́ o, síbẹ̀ ará Ìlóbì ni Ẹ̀gùá ń pè mí, ará Ẹ̀gùá ni Ìlóbì ń pè mí. Wọ́n ti gé ọ̀pẹ kọ́lé, oògùn tí wọ́n ń fọ́n sóko ti lé yímíyímí lọ, àwọn tí a jọ dojú bolẹ̀ sì ti kú tán. Àwọn ọmọ mi ń pè mí lórí fóònù láti Kútọnu pé, “Màmá, ẹ wá máa bá wa gbé.” Ìdánìkanwà ń bá mi jà nínú ilé yìí ní Ẹ̀gùá, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mo ti dàgbà ju ẹni tí yóò tún máa kọ́ kòkòrò ìlú mìíràn.