Àwòrán Tó Kọjú Sógiri

Ní ṣọ́ọ̀bù àlòkù kan ní Dagenham, òórùn fáníìṣì gbá mi nímú lára àwòrán kan: ọ̀gágun Faransé lórí ẹṣin lẹ́yìn ogun, òkú àwọn ọmọ ogun rẹ̀ nínú yìnyín.

Irú rẹ̀ ni ìyá mi gbé kọ́ sí pálọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Bàbá mi wọlé, ó yí ojú rẹ̀ sí ògiri, bí a ti ń ṣe fọ́tò nílé ọ̀fọ̀.

“Bàámi, ta ló kú?”

“Bi ẹni tó gun ẹṣin.”

Àgbà ni mo dà kí n tó mọ̀ pé àbúrò rẹ̀ kú sí ogun Bọ́mà, tí ọ̀gá wọn sì gba àmì ẹ̀yẹ.

Mo yí ti Dagenham náà sí ògiri. Ọmọ Ìbàdàn tó ń tajà ní, “Dádì, ta ló kú?”

Mo ní kó bi ẹni tó gun ẹṣin.