Ewé Tó Wọ́ Lára Àga Ìwàásù

Kí ìyá ìyá mi tó jókòó sórí àga kankan, wọ́n á kọ́kọ́ fọwọ́ pa igi ẹ̀ lára. Mùsùlùmí Ẹnu Ọwá ni wọ́n, wọn ò wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Olówógbowó rí.

Lọ́dún tí náírà rọ́pò pọ́n-ùn, mo sọ fún wọn pé a fẹ́ yọ àga ìwàásù àtijọ́, ká fi ti òkúta mábù sípò ẹ̀. Wọ́n dìde. "Mú mi lọ."

Àlùfáà wa ló ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì fún wa. Ìyá ìyá mi ò wo fèrèsé onígíláàsì mèremère. Ìdí àga náà ni wọ́n lọ tààrà, wọ́n fọwọ́ kan ewé kan tó wọ́ láàárín ewé àjàrà ara ẹ̀.

"Bàbá mi ló gbẹ́ gbogbo èyí nílé wa, nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Wọ́n ní kí èmi náà gbẹ́ ọ̀kan. Òun nìyí."

Orí mi wú. Àlùfáà wa sún mọ́ wọn, ó fọwọ́ kan ewé náà.

"Màmá, àga yìí ò ní kúrò níbí mọ́. Ṣé ẹ ti gùn ún rí?"

"Rárá o."

Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n rọra gùn ún. Wọ́n dúró lókè, wọ́n ń wo gbogbo ìjókòó tó ṣófo.

"Bàbá mi ò sọ fún mi pé ó ga tó báyìí," ni wọ́n wí.