Màrìwò Lára Òpó Òǹkọ̀wé

Aago mẹ́fà àárọ̀ Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ yìí ni ẹ̀rù náà bẹ̀rẹ̀. Mo ń lọ pọnmi, mo sì gba ìta ọba kọjá ní Ìpáò, níbi tí wọ́n ri òpó ìrántí onírin mọ́lẹ̀ sí fún olóògbé òǹkọ̀wé ìlú wa tí òkìkí rẹ̀ kàn dé òkè òkun. Aṣọ funfun ṣì bò ó. Èmi ni wọ́n ní kí n ṣí aṣọ náà ní Sátidé, torí èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbẹ́ sí i lára. Láti ìgbà tí mo ti jáde yunifásítì, kò sí ẹlòmíràn tó gbéṣẹ́ fún mi. Inú mi ti dùn ju bó ṣe yẹ lọ.

Màrìwò tútù ni mo bá, wọ́n so ó yí òpó náà ká.

Mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì mi kalẹ̀. N kò lè sọ pé mo gba Ògún gbọ́, n kò sì lè sọ pé n kò gbà á gbọ́. Àyà mi ń já, ojú sì ń tì mí pé ó ń já. Ohun tí wọ́n bá so màrìwò mọ́, a kì í fọwọ́ kàn án.

Mo gba agbo ilé àwọn olórìṣà Ògún lọ. Olórí wọn jókòó síwájú ilé, ó ń jẹ orógbó.

"Ẹ káàárọ̀, bàbá. Ta ló so màrìwò mọ́ òpó náà?"

"Èmi ni. Ọmọ ulé wa ni òǹkọ̀wé yín, alágbẹ̀dẹ ni bàbá rẹ̀. Wọ́n ri irin mọ́lẹ̀ fún un, kò sẹ́ni tó wá sọ fún Ògún. Ṣé bí ìwé ṣe kọ́ yín nìyẹn?"

"Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, kí ni kí n ṣe?"

"Ẹni tó máa ṣí aṣọ ni kó gbé obì wá, kó kúnlẹ̀ níbí. Èmi á tú màrìwò fúnra mi. Bó o bá wá fọwọ́ ara rẹ tú u..." Ó rẹ́rìn-ín. "O ṣáà kàwé."

Ẹ̀rín yẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

Màmá mi, tó jẹ́ díákónẹ́ẹ̀sì, ju ṣíbí ọbẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí mo sọ fún wọn. "Obì fún Ògún? Bó o bá kúnlẹ̀ níbẹ̀, má padà wá sínú ilé yìí."

Mo pe alága ìgbìmọ̀ tó ri òpó náà mọ́lẹ̀ pé kí wọ́n bá mi ṣí i.

"Èmi? Háà, mo ṣì lọ́mọ tí mò ń tọ́ o!"

Mo ń wo òpó náà láti ojú fèrèsé báyìí. Màrìwò ti ń gbẹ. Ọ̀la ni Sátidé. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, ẹ jọ̀ọ́, bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ta ni ẹ máa mú bínú: Ògún ni, àbí màmá yín?