Àrìnpé Níwájú Pátákó

Àrìnpé Ọlágúnjú ti fi ogún ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ogida kó tó wọ yunifásítì ní 1984. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fẹ́ kà, àmọ́ wọ́n ní dandan ni ìṣirò, ẹni tí kò bá yege níbẹ̀ kò ní gboyè.

Olúbọ̀dé tó ń kọ́ wọn ní ìṣirò, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Airport Road ni. Àrìnpé ló fi pàṣán kọ́ ọ ní ẹsẹ Bíbélì nígbà kékeré. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ yòókù ni Olúbọ̀dé ń pè síwájú pátákó láti wá ṣe ìṣirò, kò jẹ́ pe Àrìnpé. Ẹnu rẹ̀ kò gbà á láti pe orúkọ àgbà. Nígbà tí èsì ìdánwò àkọ́kọ́ jáde, òdo ni Àrìnpé gbà.

Inú bí i. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó dá Olúbọ̀dé dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. "Ṣé ọ̀wọ̀ ni màá kọ sínú ìdánwò? Pè mí bí o ṣe ń pe àwọn yòókù!"

Nígbà tí wọ́n tún pàdé ní kíláàsì, Olúbọ̀dé pè é. Àrìnpé ṣe ìṣirò náà, ó ṣì í.

"Kò rí bẹ́ẹ̀, Mà," ni Olúbọ̀dé wí, ó ń wo ilẹ̀.

"Ẹ yọ Mà kúrò níbẹ̀, Sà," ni Àrìnpé fèsì. "Ibi tí mo ti ṣì í ni kí ẹ fi hàn mí."